IPO: ìwé kọ́ọ̀tù tó ń yára lé ẹni tó já wọ ilé onílé

Ní England àti Wales, IPO (Interim Possession Order, ìyẹn àṣẹ ìgbà díẹ̀ láti gba ilé padà) ni àṣẹ tí County Court ń fún onílé láti fi lé àwọn tó já wọ ilé rẹ̀ jáde, kí ẹjọ́ fúnra rẹ̀ tó dé ìdí. Ó yá ju ẹjọ́ ìgbapadà ilé tí gbogbo ayé mọ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò láàánú ẹni tó bá fọwọ́ dẹngbẹrẹ mú àsìkò.

Ọlọ́pàá ni kí ẹ kọ́kọ́ pè. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án ọdún 2012 ni jíjá wọ ilé ìgbé láti fi ṣe ibùgbé ti di ìwà ọ̀daràn, tó lè fa ẹ̀wọ̀n oṣù 6. Àmọ́ bí ẹni tó wà nínú ilé bá na ìwé àdéhùn ayédèrú síta, ọlọ́pàá lè ní kí ẹ gba kọ́ọ̀tù lọ. Ẹ má sì já ilẹ̀kùn o! Bí ẹnì kan bá wà nínú ilé tó ní ẹ ò ní wọlé, ẹ̀yin ni òfin lè mú, àyàfi bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin gan-an lẹ̀ ń gbé ibẹ̀ kí wọ́n tó já wọ ọ́.

Ẹ yẹ ọ̀rọ̀ yín wò bóyá ó bá IPO mu. Ọjọ́ 28 péré lẹ ní, láti ọjọ́ tí ẹ mọ̀, tàbí tó yẹ kí ẹ ti mọ̀, pé wọ́n ti wọlé. Ayálégbé tí àdéhùn rẹ̀ ti parí tó kọ̀ láti kó jáde kò sí lábẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ẹ fi ẹnu ara yín gbà sílé. Ẹ má sì béèrè owó ohun tí wọ́n bàjẹ́ pa pọ̀ mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣubú síbí: ẹ bá fi owó gíláàsì kún un, IPO ti bọ́ lọ́wọ́ yín nìyẹn.

Fọ́ọ̀mù N5 ni ti ẹjọ́, N130 ni ti IPO. Onílé fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, lọ́yà kò lè ṣe é fún un. Bí ẹ kò bá mọ orúkọ wọn, "Persons Unknown" lẹ máa kọ.

Gbàrà tí kọ́ọ̀tù bá ti fi òǹtẹ̀ gba ìwé ẹjọ́ yín wọlé, wákàtí 24 lẹ ní láti fi jíṣẹ́ fún àwọn tó wà nínú ilé. Ẹ lẹ ẹ̀dà kan mọ́ ilẹ̀kùn iwájú níbi tí ojú ti lè rí i. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ ti òmíràn gba ihò lẹ́tà wọlé, nínú àpòòwé tí inú rẹ̀ hàn síta, tí ẹ kọ "the occupiers" sí lára. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú aago, torí ẹ máa nílò ẹ̀rí. Ìgbẹ́jọ́ kò lè wáyé kí ọjọ́ 3 tó pé.

Bí adájọ́ bá fún yín láṣẹ IPO, wákàtí 48 lẹ ní láti fi ìwé àṣẹ náà jíṣẹ́. Láti ìgbà náà, wákàtí 24 làwọn tó já wọlé náà ní láti kó jáde, wọn kò sì gbọ́dọ̀ padà síbẹ̀ fún oṣù 12. Ọlọ́pàá ló ń mú ẹni tó bá ṣorí kunkun, nítorí náà ẹ mú ẹ̀dà kan lọ sí àgọ́ wọn.

Ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn ni ẹ̀jẹ́ tí adájọ́ ń gbà lọ́wọ́ onílé: pé ẹ kò ní fi ilé náà háyà, ẹ kò ní ba ẹrù wọn jẹ́, ẹ ó sì dá wọn padà síbẹ̀, kí ẹ tún sanwó, bí kọ́ọ̀tù bá rí i lẹ́yìn náà pé ẹ kò lẹ́tọ̀ọ́. Nítorí náà, ẹ má tíì pe ayálégbé tuntun. Ìgbẹ́jọ́ kejì ṣì ń bọ̀, ó kéré tán lẹ́yìn ọjọ́ 7, ọjọ́ yẹn sì ni agbára IPO ń parí. Ẹni tí kò bá yọjú síbẹ̀ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ da iṣẹ́ rẹ̀ nù.