Ọwọ́ Ọlọ́kadà Lórí Kẹ̀kẹ́ Márúwá: Àgbéyẹ̀wò Lẹ́yìn Oṣù Mẹ́rin

Kọ́nà kan ṣoṣo ló jẹ́ kí n kọ èyí. Bí kì í bá ṣe kọ́nà yẹn, ǹ bá kàn ní kẹ̀kẹ́ náà dára, owó rẹ̀ wọ́n, ó parí.

Tuntun, tíà rọ́bà, ni mo gbà á ní ṣọ́ọ̀bù kan n'Ìbàdàn: ìdajì owó lọ́wọ́, ìyókù di sísan lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Mi ò ní sọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì àti ọ̀dà rẹ̀, ẹni tó bá ti wọ Márúwá rí ti mọ ìyẹn tán. Obìnrin tó wà nídìí ìwé gba fọ́tò méjì, ó gba orúkọ onídùúró méjì, ó ní kí n fọwọ́ sí ojú ìwé mẹ́rin, ó tún ní kí n tẹ̀ka. Kò bi mí léèrè ohun tí mo ń gùn tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo sọ pé kí ẹnì kan bá mi gùn ún yípo àdúgbò kí n tó gbé e lọ, ó ní, “Ọ̀gá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù.”

Ọmọkùnrin kan tó ń bá wọn tajà jókòó sẹ́yìn mi, a sì jáde. Kọ́nà àkọ́kọ́ yà sí òsì, kò sì mú rárá. Jíà kẹta ni mo wà, eré mi kò tó ti ẹni tó gun ọ̀kadà Boxer lọ ra búrẹ́dì. Bí mo ṣe dé ibẹ̀, ara mi tẹ̀ sí òsì, ọwọ́ òsì mi sì ti háńdù síwájú díẹ̀, bó ṣe ti ń ṣe é láti ọjọ́ tí mo ti ń gun ọ̀kadà láìjẹ́ pé mo rò ó. Kẹ̀kẹ́ náà yà sí ọ̀tún! Ó dojú kọ gọ́tà. Mo fẹsẹ̀ rin bírékì mọ́lẹ̀, mo sì fa háńdù padà sí òsì lẹ́ẹ̀kan náà, ni táyà ẹ̀yìn apá òsì bá gbéra nílẹ̀. Fún ìṣẹ́jú àáyá kan, táyà méjì péré ló wà nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló já lulẹ̀, gbì. Táyà iwájú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹnu gọ́tà.

Ohun tí ọmọkùnrin ẹ̀yìn mi sọ ló bí mi nínú ju kọ́nà náà lọ. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọlọ́kadà ni yín tẹ́lẹ̀ ni? Ẹ̀yin ọlọ́kadà lẹ máa ń dà á nù jù.”

Wọ́n mọ̀. Wọ́n mọ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n sì fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́. Ta tiẹ̀ ni wọ́n rò pé ó ń ra kẹ̀kẹ́ lóde báyìí? Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ọdún 2022 ni ìjọba Èkó lé ọ̀kadà kúrò pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, Ìkẹjà, Sùúrùlérè, Eti-Ọ̀sà, Apápá, Lagos Mainland àti Lagos Island. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gùn ún níbẹ̀ ló wá ẹsẹ̀ kẹta kún méjì. Ọlọ́kadà ni oníbàárà yín! Nígbà tí mo padà sí ọ́fíìsì tí mo sọ ọ́ fún obìnrin náà, kò gbójú sókè nínú ìwé rẹ̀. “Ọ̀gá, a kì í kọ́ èèyàn ní kẹ̀kẹ́ níbí, kẹ̀kẹ́ là ń tà.” Mo ní bírékì rẹ̀ rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi bíi fùfú. Ó ní tuntun ni, yóò jókòó bó bá yá.

Bírékì kì í “jókòó bó bá yá”. Èyí tí mo rà ń lo omi bírékì, bó bá sì ti rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, afẹ́fẹ́ ló wà nínú páìpù. Ẹ má gbé irú rẹ̀ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ̀yìn ilé náà ni inú mi ti yọ́. Mẹkáníìkì wọn wà níbẹ̀, bàbá kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó ń fọ ọwọ́ pẹ̀lú epo bẹntiróòlù. Ó ti gbọ́ ariwo mi. Ó ní, “Wọ́n ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù, àbí? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ààrò kì í yà ní kọ́nà.” Ó gbé ike kan fún mi kí n jókòó, ó sì fi ẹfun ya ilà sórí sìmẹ́ńtì.

Àlàyé rẹ̀ nìyí, mo sì ti gbìyànjú rẹ̀ láti ìgbà náà, kò yẹ̀. Bí ọ̀kadà bá ti ń sáré ju ìrìn ẹsẹ̀ lọ, kì í fi háńdù yà lásán, ó ń fi ara yà. Bí o bá fẹ́ lọ sí òsì, ọwọ́ òsì rẹ á ti háńdù síwájú, táyà iwájú á yọ díẹ̀ sí ọ̀tún, ọ̀kadà náà á wá tẹ̀ sí òsì, á sì lọ síbẹ̀. Ọlọ́kadà tó ti gùn ún fún ogún ọdún lè má mọ̀ pé ohun tí òun ń ṣe nìyẹn, torí ọwọ́ ló mọ̀ ọ́n, kì í ṣe orí. Kẹ̀kẹ́ kì í tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bẹ́ẹ̀. Ibi tí táyà iwájú bá kọjú sí ló ń lọ. Nítorí náà, bí ọwọ́ òsì bá tì í, ọ̀tún ló máa gbà. “Lórí ọ̀kadà, ibi tí o ń lọ lò ń tì. Lórí kẹ̀kẹ́, ibi tí o ń lọ, fa ọwọ́ ibẹ̀ wá sí ikùn rẹ.”

Ó pe ọmọ iṣẹ́ méjì. Wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n ń tì mí kiri àgbàlá, bàbá ń pe “òsì!”, “ọ̀tún!”, èmi ń fa ọwọ́ wá sí ikùn. Ó dà bí eré ọmọdé, ṣùgbọ́n ìgbà tó fi máa di ìgbà ogún, ọwọ́ mi ti ń gbọ́ràn. Lẹ́yìn náà ó gbé ògbólógbòó táyà méjì kalẹ̀, ó ní kí n máa fi jíà kìíní yí wọn po bíi nọ́ńbà 8. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n kó àpò yanrìn mẹ́ta sí ìjókòó ẹ̀yìn, mo tún yípo. Kẹ̀kẹ́ náà dúró dáadáa ju ti òfìfo lọ, ìyẹn sì yà mí lẹ́nu. Ó wá ní kí wọ́n gbé àpò kan kúrò lẹ́yìn wá sí ẹ̀gbẹ́ mi níwájú, ibi tí àwọn kan máa ń há èrò kẹrin sí. Kọ́nà kan náà, eré kan náà, mo rí i pé táyà ẹ̀yìn tó wà lápá inú kọ́nà ti fẹ́ fúyẹ́. Ìdí ni pé ẹ̀yìn ni táyà méjì wà. Bí ẹrù bá ṣe súnmọ́ táyà méjì yẹn ni kẹ̀kẹ́ ń fìdí múlẹ̀, bó bá sì ṣe ń súnmọ́ táyà kan iwájú ni ó ń rọrùn láti dà. Èyí náà ló fà á tí kò fi yẹ kí ẹ tẹ bírékì nínú kọ́nà: bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, gbogbo ìwúwo á sáré wá sórí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó wà níwájú. Ẹ tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ojú ọ̀nà ṣì gún, ẹ tú u sílẹ̀, kí ẹ tó yà.

Lẹ́yìn náà ló bá mi yọ afẹ́fẹ́ bírékì. Ọmọ iṣẹ́ kan tẹ ẹsẹ̀ bírékì lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bàbá fi sípánà tú nọ́ọ̀tù kékeré ẹ̀yìn táyà, omi jáde pẹ̀lú ìfófòó, ó dè é padà kí ọmọ náà tó gbẹ́sẹ̀. Táyà ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ ṣe, iwájú ló kẹ́yìn, ó sì ń bu omi bírékì kún ike rẹ̀ lórí kó má baà gbẹ, kí afẹ́fẹ́ tún wọlé. Ó kìlọ̀ pé kí n má ṣe bu ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì síbẹ̀ láéláé, torí ó ń mú rọ́bà inú rẹ̀ wú. Gbogbo rẹ̀ kò gbà tó wákàtí kan. Kò gba kọ́bọ̀.

Oṣù mẹ́rin ti kọjá. Mo fẹ́ sọ ojú tí ọ̀kadà fi ń wo kẹ̀kẹ́, torí mo ti wà lórí méjèèjì.

Àwa ọlọ́kadà gbà pé kẹ̀kẹ́ kò nílò òye. “Ẹni tí kò lè dúró lórí méjì ló ń wá ẹ̀kẹta,” èmi náà ti sọ ọ́ rí. Orúkọ pàápàá ń dá kún un. Ọ̀kadà gba orúkọ lára ọkọ̀ òfuurufú Okada Air. Kẹ̀kẹ́ gba tirẹ̀ lára Buba Marwa, sójà tó ṣe gómìnà Èkó láti 1996 sí 1999, ó sì tún gba NAPEP lára ètò ìjọba àpapọ̀ tó fẹ́ fòpin sí òṣì. Ọlọ́kadà á juwọ́ sí ọlọ́kadà ẹgbẹ́ rẹ̀ lójú títì. Láti ọjọ́ tí mo ti gba kẹ̀kẹ́, àwọn tí a jọ ń dúró ní pákì kan náà ń kọjá mi bí ẹni kọjá òpó iná. Ó dùn mí.

Ẹ̀sùn wọn kan tọ̀nà: oní-Márúwá ń dúró lójijì. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ń fà á. Bí a bá tú tọ́tùlù sílẹ̀ ní jíà kejì, ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ á fa kẹ̀kẹ́ náà sẹ́yìn gidigidi, ẹsẹ̀ kò sì tíì kan bírékì, nítorí náà iná ẹ̀yìn kò ní tàn. Ọlọ́kadà tó ń wo iná pupa kò ní rí nǹkan kan. Ẹ máa wo èrò tó nawọ́ létí títì, òun ni iná bírékì kẹ̀kẹ́. Ìkejì: ẹ̀yin ọlọ́kadà, ẹ yé gba àárín kẹ̀kẹ́ àti gọ́tà kọjá. Apá ọ̀tún la ti ń gbé èrò, orí èrò mẹ́ta àti tapólì ló sì dí ojú wa lẹ́yìn. Bí ẹ kò bá rí ojú mi nínú díńgí mi, èmi náà kò rí yín.

Kòtò ni ìyà tó kù. Ọ̀kadà ní ipa kan, kẹ̀kẹ́ ní mẹ́ta. Bí iwájú bá yẹ kòtò, ẹ̀yìn kan á wọ̀ ọ́. Mo ti kọ́ láti yan táyà tí mo fẹ́ kó wọ̀ ọ́, kí n sì wọ̀ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Òkè Mápó, bí èrò mẹ́ta bá wà lẹ́yìn, iwájú á fúyẹ́ lọ́wọ́, ẹ máa gùn ún ní jíà kìíní láìyí háńdù lójijì.

Ohun tó ti bàjẹ́ kò pọ̀. Ọwọ́ òsì ni a fi ń yí jíà, kébùlù ló sì ń fà á, kì í ṣe irin bíi ti ọ̀kadà. Kébùlù tuntun ń nà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, òdo rẹ̀, ìyẹn ibi tí kò ti sí nínú jíà kankan, kò bọ́ sí ibi tí àmì wà mọ́, jíà kejì sì ń fò jáde. Ẹ tún un dè, ẹ má fi agbára yí i. Mo tún nọ́ọ̀tù táyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dè lọ́sẹ̀ kìíní, méjì nínú wọn ti tú díẹ̀. Mo pààrọ̀ ọ́ìlì àkọ́kọ́ bí mítà ṣe ń súnmọ́ 500 kìlómítà, ó jáde pẹ̀lú lúlú irin tó ń dán.

Èrò fẹ́ràn rẹ̀, mi ò lè purọ́. Ìyá tó pọn ọmọ jókòó láìbẹ̀rù, sàlẹ́ńsà kò jó ẹnikẹ́ni lójúgun, òjò kò lé wa kúrò lójú títì. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ẹsẹ̀ mi kì í kan ẹrẹ̀. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ kùtù, bí ọ̀nà bá dá, ó ṣì ń wù mí kí nǹkan tó wà lábẹ́ mi tẹ̀ sí kọ́nà pẹ̀lú mi.

Ọ́fíìsì ṣọ́ọ̀bù náà kò tíì bẹ̀ mí títí di òní. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo mú ọlọ́kadà méjì lọ síbẹ̀ láti ra tiwọn. Ẹ̀yìn ilé ni mo kọ́kọ́ mú wọn lọ.

Máàkì: 5 nínú 5.