Tábìlì oníwèé ìròyìn ní Ìbarà: ẹ wá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń tú ọ̀rọ̀ ìbò palẹ̀

Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ nípa ibẹ̀. Bàbá kan ń ta ìwé ìròyìn ní Ìbarà níbí, lábẹ́ agboòrùn ńlá, tẹ́ẹ bá ń ti Pánṣẹ́kẹ́ bọ̀ láàárọ̀ ẹ ò lè ṣàì rí i torí èrò tó máa ń rọ̀gbà yí i ká. Nínú gbogbo ibi tí mo ti ń náwó táṣẹ́rẹ́ l'Abẹ́òkúta, mi ò tíì rí ibi tó ń fún mi ní nǹkan tó ju owó mi lọ báyẹn.

Ẹ lè ra ìwé, ẹ sì lè san owó kékeré kẹ́ẹ jókòó kà á lórí bẹ́ǹṣì kẹ́ẹ dá a padà. Àwọn firì rídà tó kàn ń na ọrùn wo iwájú ìwé náà, bàbá kì í lé wọn. Ohun tí ò gbà ni kéèyàn fi ọwọ́ tó fi jẹ àkàrà ṣí ìwé ẹ̀.

Ìwé àtijọ́ tó tọ́jú ló wú mi lórí jù. Abẹ́ tábìlì ló kó wọn sí, lórí pákó kí omi òjò má bàa kàn wọ́n, ó fi okùn dì wọ́n lọ́dọọdún, ó fi láílọ́ọ̀nù wé ìdì kọ̀ọ̀kan, ó wá fi bírò pupa kọ ọdún sára páálí tó há sórí ẹ̀. Tí àríyànjiyàn bá ti gbóná á kàn bẹ̀rẹ̀, á tú okùn, á fi àkísà nu eruku, á ní ó yá, ẹ kà á sókè. Ìlú tí wọ́n ti tẹ Ìwé Ìròyìn jáde ní 1859, irú tábìlì báyìí yẹ kó wà ní gbogbo àdúgbò wa.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, ọ̀rọ̀ ìlú ọba ló délẹ̀. Ta ni ò ní ọmọ tàbí àbúrò níbẹ̀ nínú wa? Wọ́n ní tí olóòtú ìjọba bá kúrò láàárín sáà, tí ẹgbẹ́ ẹ̀ sì fi ẹlòmíì rọ́pò ẹ̀, ṣé kí ẹni tuntun pe ìbò kíá ni àbí kó jókòó lo ọdún tó kù. Òfin ò kàn án nípá, torí aṣòfin ni aráàlú ń dìbò yàn, sáà wọn sì lè tó ọdún 5. Àmọ́ láti 2022 tí wọ́n ti fagi lé òfin 2011 tó dè é lọ́wọ́, ìgbà tó bá wù ú ló lè lọ bá ọba pé kó tú ilé aṣòfin ká kí wọ́n lè dìbò.

Bàbá kan tó ti fẹ̀yìntì nídìí iṣẹ́ tíṣà ló kọ́kọ́ gba ọ̀rọ̀, ó ní ìkánjú ò dáa, ẹ wo Theresa May tó di olóòtú ìjọba wọn ní July 2016, tó ń sọ pé òun ò ní pe ìbò, tó wá yí ohùn padà ní April 2017 nígbà tí wọ́n ń sọ pé ó máa fẹ̀yìn alátakò gbolẹ̀, àga 330 tí ẹgbẹ́ ẹ̀ ní nílé aṣòfin ní 2015 wálẹ̀ sí 317, ó di kó lọ bẹ DUP, ẹgbẹ́ kékeré kan láti Northern Ireland tó ní àga 10, kó tó rí ìjọba ṣe. Ọmọkùnrin kan tó ń wa ọ̀kadà ní, bàbá, ẹ jọ̀ọ́, Gordon Brown ńkọ́? Bàbá oníwèé ti ń fa ìdì 2007 jáde nígbà yẹn. Brown gbapò lọ́wọ́ Blair ní June, gbogbo ayé ti ń retí ìbò, nígbà tó di October ó ní kò sí mọ́, ọrọ̀ ajé wá dẹnu kọlẹ̀, ìgbà tó sì dé iwájú aráàlú ní 2010, ó fìdí rẹmi. Ẹnìkan tún mú Mark Carney ti Kánádà wá, tó bọ́ sípò olóòtú ìjọba ní March 14, 2025, tó pe ìbò láàárín ọjọ́ díẹ̀, tó sì rí àga 169 nínú 343 fún ẹgbẹ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti rò pé ó ti tán.

Mo sọ tèmi. Ọkùnrin ló pọ̀ níbẹ̀, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu, ìyẹn náà wà lára ohun tí mo fi fẹ́ràn ibẹ̀. Mo ní gbogbo wọn ń rò ó lójú olóṣèlú, bóyá á wọlé àbí kò ní wọlé, ta ló ń ro ti aráàlú? Liz Truss dé ní September 2022, ó ní òun máa gé owó orí tó tó bílíọ̀nù 45 pọ́ùn, ẹni tó dìbò ní 2019 ò gbọ́ ọ rí, owó pọ́ùn já wálẹ̀, kó tó pé ọjọ́ 50 ó ti lọ. Sunak dé, abẹ́ ẹ̀ ni wọ́n ti ní láti January 2024 ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè ò lè kó ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́, ẹ sì mọ ohun tí ìyẹn ṣe sí ìdílé nílùú yìí. July 2024 ni wọ́n tó bi aráàlú. Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn èèyàn wa gan-an, torí ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé níbẹ̀ lọ́nà ẹ̀tọ́ lè dìbò sílé aṣòfin wọn, nítorí Nàìjíríà wà nínú Commonwealth, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tí ọ̀pọ̀ wọn ti wà lábẹ́ ìlú ọba rí.

Ọlọ́kadà yẹn ló wá bá mi là á mọ́lẹ̀, ó ní tí èrò bá wọ ọ̀kadà lọ Kútọ, tí wọ́n pààrọ̀ awakọ̀ lójú ọ̀nà, kò burú tó bá ṣì jẹ́ Kútọ ló ń lọ, tó bá fẹ́ yà sí Láfẹ́nwá ó gbọ́dọ̀ bi èrò. Ibẹ̀ gan-an ni mo dúró sí. Ẹni tuntun tó bá ń tẹ̀lé ìlérí tí ẹgbẹ́ ẹ̀ ṣe nígbà ìbò, kó máa bá a lọ, tó bá fẹ́ ṣe òmíì kó pe ìbò láàárín oṣù díẹ̀, kódà tó bá mọ̀ pé òun lè pàdánù. Bàbá tíṣà ní ìlú ò lè máa dìbò lójoojúmọ́, owó ń lọ, ọjà ń gbọ̀n. Òótọ́ ni, àmọ́ l'Abẹ́òkúta ńbí o, Abíọ́lá tí aráàlú dìbò fún ní June 12, 1993, ọmọ wa ni, Ṣónẹ́kàn tí wọ́n gbé sórí àga ní August láìsí ìbò, ọmọ wa náà ni, kò sì ju November lọ. Kò sẹ́ni tó lè sọ fún wa pé bíbéèrè lọ́wọ́ aráàlú jẹ́ ọ̀rọ̀ owó.

Àléébù ibẹ̀: oòrùn ò ṣeé fara dà tó bá ti kọjá aago mọ́kànlá, bẹ́ǹṣì ò tó, tí òjò bá rọ̀ ẹrẹ̀ á gba gbogbo iwájú ẹ̀. Ẹ tètè lọ, Sátidé ló dáa jù torí àwọn tíṣà máa ń wà níbẹ̀. Ẹ mú owó kéékèèké dání, bàbá kì í gba tiransífà.