Hepcludex: Abẹ́rẹ́ Tó Ń Dínà Mọ́ Mẹ́dọ̀wú D
Hepcludex, tí oògùn inú rẹ̀ ń jẹ́ bulevirtide, kì í kọjú ìjà ní tààràtà sí fáírọ́ọ̀sì mẹ́dọ̀wú D (hepatitis D), tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́; NTCP ló ń dí, ìyẹn ojú ọ̀nà tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ fi ń fa iyọ̀ òróòro wọlé, tí fáírọ́ọ̀sì B àti D sì ń gbà yọ́ wọlé. Yúróòpù fọwọ́ sí i tàdéhùntàdéhùn ní 2020, wọ́n sì fọwọ́ sí i pátápátá ní 2023.

Nínú ìwádìí MYR301, tí wọ́n fi dán oògùn náà wò lára àwọn aláìsàn, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 48, ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń gba mílígíráàmù 2 lójúmọ́ ni fáírọ́ọ̀sì wọn lọ sílẹ̀ gidigidi, tí àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀ wọn sì bọ̀ sípò; láàárín àwọn tí kò tíì gbà á, ìdá 2 péré ni. Èyí wú mi lórí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdá 12 nìkan ni a kò rí fáírọ́ọ̀sì D lára wọn mọ́.

Wàhálà lílò rẹ̀ ni mo kà sí àléébù: lójoojúmọ́ ni aláìsàn yóò mú ìgò kékeré kúrò nínú fíríìjì, tí yóò fi omi abẹ́rẹ́ po ìyẹ̀fun inú rẹ̀, tí yóò sì gún un sábẹ́ awọ ikùn tàbí itan. Ẹni tó bá sì ṣíwọ́ láìgbàṣẹ dókítà, àrùn náà lè ru padà.