Ìgbà Òtútù: Ká Jáde Rìn Ni, àbí Ká Tan Iná?

Nígbà òtútù láwọn ilẹ̀ òkèèrè tó máa ń tutù gan-an, tílẹ̀ kì í tètè mọ́, tó sì ń yára ṣú, ohun méjì làwọn èèyàn sábà fi ń tu ara wọn lára: ìrìn òwúrọ̀, tàbí iná pàtàkì tí wọ́n ṣe fún ìrẹ̀wẹ̀sì ìgbà yìí.

Iná yìí kì í ṣe gílóòbù lásán. Èyí tó dáa máa ń mọ́lẹ̀ tó 10,000 lux (lux ni wọ́n fi ń díwọ̀n ìmọ́lẹ̀), nígbà tí iná inú ilé kì í sábà ju 500 lọ. Gbé e ka tábìlì láàárọ̀, máa mu tíì rẹ, ìṣẹ́jú 30 ti tó. Má ṣe tẹjú mọ́ ọn o. Ẹni tójú ń dùn, kó kọ́kọ́ bi dókítà.

Ìrìn ńkọ́? Kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Bí ojú ọ̀run tiẹ̀ ṣú dẹ̀dẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ìta ṣì máa ń ju ti inú ilé lọ fíìfíì, ara á sì tún nà. Ní tèmi, ìgbà téèyàn bá padà wọlé gan-an ni adùn rẹ̀: kó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ tó ti tutù, kó wọ èyí tó ti sá sórí ẹ̀rọ amúlégbóná, kí ọmọ ìka ẹsẹ̀ máa jí lọ́kọ̀ọ̀kan. Iná orí tábìlì ò lè ṣe ìyẹn láéláé.

Ìrìn ni mo fara mọ́. Àmọ́ ẹni tó ń jáde kílẹ̀ tó mọ́, tó ń wọlé lẹ́yìn tó ti ṣú, ìmọ́lẹ̀ wo ló fẹ́ rí lójú ọ̀nà? Kírú wọn yáa ra iná.