Ẹ ṣọ́ra o! Páìpù omi ni wọ́n tà fún mi ní ìbọn

Ẹ̀yin ọdẹ Ìkòròdú, Ìmọ́tà, Ìtòìkín títí dé Ẹ̀pẹ́, ọkùnrin kan ń kiri tó ń ta ìbọn àtijọ́ Òyìnbó, irú èyí tí wọ́n ń ki ẹ̀tù sí láti fi ta àmì lọ́nà jíjìn. Irọ́ ni. Olè ni. 725,000 náírà ló gbà lọ́wọ́ mi láàárín ọjọ́ 11. Owó àjọ tí mo kó lóṣù náà wà nínú rẹ̀, owó ọ̀kadà tí mo tà wà nínú rẹ̀, owó tí ìyá àwọn ọmọ mi fi pamọ́ fún òrùlé ilé ìdáná náà wà nínú rẹ̀. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi pa ẹnu mọ́, àfi ìgbà tí mo gbọ́ lánàá pé ó ti ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ ní Ẹ̀pẹ́.

Kí ẹ tó bú mi, ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọdẹ ni bàbá mi. Òórùn ẹ̀tù ni mo fi ń mọ̀ pé ó ti wọlé lóru. Nígbà tí ọmọ mi tó wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí n wá kí òun, ó mú mi lọ sí Bisley, ní Surrey, pápá tí wọ́n ti ń ta àmì láti 1890. Mo rí àwọn àgbà níbẹ̀, àwọn mìíràn dàgbà jù mí lọ. Wọn á dìde dúró, wọn á ki ẹ̀tù láti ẹnu ìbọn gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń ṣe, wọn á tún da ikùn délẹ̀, wọn á wo afẹ́fẹ́ títí, wọn á sì ta àmì tó wà ní 1,000 yáàdì. Mítà 914 nìyẹn o! Wọn kì í fojú díwọ̀n ẹ̀tù, òṣùwọ̀n kékeré ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n kí gbogbo rẹ̀ lè dọ́gba. Bí èéfín funfun yẹn ṣe bo ilẹ̀, bàbá mi ni mo rántí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ìbọn tó lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ṣakabùlà wa kò lè ṣe é. Inú rẹ̀ dán, kò sí ohun tó máa mú ọta pòyì, tó bá ti jìnnà díẹ̀, ibi tó wù ú ló ń lọ. Ìbọn Whitworth ni ọkàn mi fẹ́. Joseph Whitworth, ará Manchester, ló gbé e jáde. Ihò rẹ̀ kì í ṣe roboto, ojú mẹ́fà ló ní, ojú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì ń yí lọ láti ìdí dé ẹnu, yíyí kan láàárín ínṣì 20, kí ọta lè máa pòyì lọ sójú àmì. Ọta rẹ̀ kan wọ̀n tó gíráàmù 34. Òun ni Ọbabìnrin Victoria fi ta ọta àkọ́kọ́ láti ṣí ìdíje ìbọn ní Wimbledon lọ́jọ́ 2, oṣù keje, 1860. Wọ́n gbé ìbọn lé orí irin, ó fa okùn, ọta sì bà sí tòsí àárín àmì ní 400 yáàdì. Mo mọ gbogbo èyí. Ẹ fi sọ́kàn pé mo mọ̀ ọ́n, nítorí ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn jù nìyẹn.

Ará ẹgbẹ́ wa kan ló fún ọkùnrin náà ní nọ́ńbà mi. Ó pè mí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan: "Ẹ káàárọ̀ sà, bàbá. Mo gbọ́ pé ẹ ń wá ìbọn gígùn." Ó ní Whitworth wà lọ́wọ́ òun, pé ìdílé kan ní Àgbádárìgì ló ni ín, wọ́n fẹ́ tà á nítorí ìsìnkú. Ó mọ orúkọ ìbọn náà! Ta ló ń mọ Whitworth ní Ìkòròdú? Mo rò pé ẹni tó bá mọ orúkọ rẹ̀ kò lè jẹ́ gbájú-ẹ̀. Ẹ wo ìrònú àgbàlagbà.

Ìtòìkín la ti pàdé, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń ta ẹja. Ó fi ànkárá wé ìbọn náà bí ẹni gbé ọmọ ìkókó. Ó gùn, ó wúwo, ìpẹtà bá a níbi tó yẹ, igi rẹ̀ dúdú bí igi àtijọ́, wọ́n sì fi lẹ́tà gbẹ́ "WHITWORTH" sí i lára. Ni ó bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ó ní irú ìbọn yìí gan-an làwọn ará Ireland gbé lọ bá Amẹ́ríkà díje ní Creedmoor, ní New York, ní 1874. Mo mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀! Ìbọn Rigby ni wọ́n lò. Mo mọ iye tí wọ́n fi pàdánù, 931 sí 934, máàkì mẹ́ta péré, ní 800, 900 àti 1,000 yáàdì. Mo la ẹnu kí n sọ ọ́, mo sì pa á dé. Kí ló dé tí mo pa á dé? Nítorí mo ti fẹ́ràn ìbọn náà. N kò fẹ́ kí ó jẹ́ irọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ìbọn ẹ̀yìnkùlé ni mo ń rà. Mo ní ìwé àṣẹ ìbọn tí bàbá mi fi sílẹ̀, mo béèrè ìwé ti èyí náà kí n tó mú kọ́bọ̀ jáde. Ó mú fọ́tókọ́pì wá, òǹtẹ̀ wà níbẹ̀, ìbuwọ́lùwé wà níbẹ̀. Ó ní ìwé gidi wà lọ́wọ́ mọ̀lẹ́bí. Mo san 200,000. Lọ́jọ́ kẹrin ó ní àwọn mọ̀lẹ́bí ń bínú, ẹlòmíràn ti fẹ́ san owó gbogbo. Mo fi 300,000 ránṣẹ́. Lọ́jọ́ kẹjọ ó ní kí n parí rẹ̀, mo fi 180,000 tó kù ránṣẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìjọsìn dé ni, n kò tíì bọ́ aṣọ. Nígbà tó máa gbé ìbọn wá, ó tún ta ẹ̀tù fún mi, "ẹ̀tù Òyìnbó", 45,000. Mo tún sanwó ọkọ̀ fún un! Mo ní kí ìyàwó mi bù oúnjẹ fún un. Ó jẹ àmàlà nílé mi, ó pè mí ní bàbá, ó kúnlẹ̀ kí ìyá àwọn ọmọ mi.

Ọjọ́ Sátidé ni mo fẹ́ yìn ín, lórí ilẹ̀ tí a ti kórè lọ́nà Ìmọ́tà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni yóò jókòó tì mí láti máa wo àmì. Ọlọ́run ló ní kí n kọ́kọ́ gbé e dé ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ tó ń tún ìbọn wa ṣe. Bàbá náà kò sọ̀rọ̀. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i lẹ́nu, ó wò ó títí, ó ní kí èmi náà wò ó. Ojú mẹ́fà wà lóòótọ́, ó wọlé tó ìka kan, ó tán. Lẹ́yìn ìyẹn, roboto, ó ń dán, ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀ hàn gbangba láti òkè dé ìsàlẹ̀. Páìpù omi! Wọ́n fi fáìlì gbẹ́ irin kékeré kan, wọ́n tì í bọ ẹnu páìpù, wọ́n fi iyọ̀ mú un pẹtà, wọ́n fi epo ọkọ̀ dúdú kun igi. Bàbá ní, "Bí o bá ki ẹ̀tù sí èyí, tí o fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ tì í, orí rẹ ni ì bá gbé lọ." Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Àti ọmọ ọdún 19 tó máa jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kì í ṣe owó nìkan ni ọkùnrin yìí fẹ́ gbà, ẹ̀mí ni, kò sì bìkítà!

Ẹ̀tù náà ńkọ́? Mo bu díẹ̀ lé ìwé funfun, mo ṣáná sí i. Ẹ̀tù gidi á bú lẹ́ẹ̀kan náà, ìwé kò sì ní jó. Tiwa jó bí èédú tí omi ti bá, ó ń rú èéfín, ìwé jó lu.

Nọ́ńbà rẹ̀ kò lọ mọ́. Mo fi fóònù ìyàwó mi pè é, ó gbé e. Ẹ gbọ́ ohun tó sọ fún mi: "Bàbá, ẹ̀yin lẹ ní ẹ mọ ìbọn. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó gbà á." Èmi ló ń sọ ọ́ fún! Ẹni tó jẹ àmàlà nílé mi! Láti ìgbà yẹn n kò lè sùn, nítorí òótọ́ ni mi ò yẹ̀ ẹ́ wò. Tọ́ọ̀ṣì wà lápò mi ní Ìtòìkín. Àpò mi lápá ọ̀tún. Tí mo bá tàn án ni, ìṣẹ́jú kan.

Ṣùgbọ́n ṣé èmi ló yẹ kí wọ́n bá wí? Ará ẹgbẹ́ tó fún un ní nọ́ńbà mi ńkọ́? Ó ní òun kò mọ̀ ọ́n dáadáa. Kí ló wá mú kó fún un ní nọ́ńbà mi? N kò sọ pé wọ́n pín owó náà, ṣùgbọ́n kò tíì wá kí mi láti ọjọ́ tó ti gbọ́. Ẹni tó ń ta ẹ̀tù fún mi láti ọjọ́ pípẹ́ pàápàá, mo ti ń ṣí àpò rẹ̀ wò níṣojú rẹ̀, inú ń bí i. Kó máa bínú. Gbogbo wọn ni mo ń fura sí báyìí.

Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú ìbọn láti ẹnu dé ìdí, kì í ṣe ẹnu nìkan. Ẹ má gba fọ́tókọ́pì. Ìwé tí wọ́n bá mú wá, àgọ́ ọlọ́pàá ni kẹ́ ẹ gbé e lọ kí owó tó jáde, ibẹ̀ ni mo lọ lẹ́yìn tí owó ti lọ, wọ́n ní òǹtẹ̀ ayédèrú ni. Ẹ mú alágbẹ̀dẹ yín dání. Ẹ dán ẹ̀tù wò. Ẹ má san owó díẹ̀díẹ̀ fún ohun tí kò tíì sí lọ́wọ́ yín.

Lọ́jọ́ Ajé ni mò ń padà lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, mò ń gbé páìpù náà lọ. Ẹni tó bá ti ra tiẹ̀, kó jọ̀ọ́ kó jáde, ká jọ lọ, ojú kò tún lè tì mí ju bó ṣe ń tì mí yìí lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, kó má ki ẹ̀tù sí i rárá.