Ibùdó Ìkọ́ṣẹ́ Olú Kan Lẹ́bàá Gwagwalada: Ẹ̀kọ́ Rẹ̀ Dára, Ọ̀nà Ọjà Ló Kù

Ibùdó tí mo fẹ́ yẹ̀ wò yìí wà lẹ́bàá Gwagwalada, ní agbègbè Abuja. Wọ́n ń kọ́ àwọn obìnrin bí a ti ń gbin olú sínú ilé níbẹ̀, wọ́n sì ń ta irúgbìn rẹ̀. Àwọn tó dá a sílẹ̀ sọ pé àwọn obìnrin ìgbèríko Íńdíà ni àwọn fi ṣe àwòkọ́ṣe, nítorí náà òṣùwọ̀n yẹn ni màá fi wọ̀n wọ́n.

Ẹ̀kọ́ wọn múná dóko. Irú olú tí àwọn Òyìnbó ń pè ní oyster, tí àwọn ará Íńdíà mọ̀ sí dhingri, ni wọ́n ń gbìn, kò sì nílò ilẹ̀ oko rárá. A ó gé pòròpórò ìrẹsì wẹ́wẹ́, a ó rẹ ẹ́ sómi, a ó fi omi gbígbóná pa kòkòrò àìfojúrí inú rẹ̀, a ó sẹ́ ẹ títí tí omi kò fi ní í kán mọ́, kí a tó dì í sínú ọ̀rá pẹ̀lú irúgbìn tí wọ́n fi hóró ọkà bàbà ṣe. Láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta nínú yàrá tó ṣókùnkùn, okùn funfun tín-ín-rín tí olú ń ta bíi gbòǹgbò yóò gba inú ọ̀rá náà kan. Ìgbà yẹn ni a ó dá ihò sí i lára, tí a ó máa wọ́n omi sí i títí olú yóò fi yọ. Olùkọ́ wa, obìnrin Gbagyi kan tó gbọ́ Yorùbá dáadáa, kì í gbà kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ ìdọ̀tí kan irúgbìn. “Ẹ jọ̀ọ́, ìyá mi, ẹ padà lọ fọwọ́,” ni yóò wí, bí ẹni náà tilẹ̀ dàgbà jù ú lọ. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ìdọ̀tí díẹ̀ ti tó láti mú kí gbogbo ọ̀rá hu àwọ̀ ewé, kí ó sì bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ni wọn kò sọ tó. Olú yìí fẹ́ ooru tí kò ju 20 sí 28 lórí ìwọ̀n Sẹ́lṣíọ́ọ̀sì lọ, ó sì fẹ́ afẹ́fẹ́ tó kún fún ọ̀rinrin. Wọ́n kọ́ wa láti ta àpò tútù sára ògiri nígbà ọyẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n fò kọjá lórí ooru oṣù Kẹta àti Kẹrin, èyí tó le ní Abuja, tó sì tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Sókótó.

Bina Devi ti agbègbè Munger ní ìpínlẹ̀ Bihar ni wọ́n máa ń tọ́ka sí jù. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú olú kìlógíráàmù kan péré, Ààrẹ Íńdíà sì fún un ní Nari Shakti Puraskar, àmì ẹ̀yẹ ìjọba fún àwọn obìnrin, ní 2020. Ìtàn yẹn bá ilẹ̀ wa mu gan-an: obìnrin tó wà ní ẹ̀há ní Kánò tàbí Sàríà, tí kò ní ilẹ̀ kankan ní orúkọ ara rẹ̀, lè ṣe iṣẹ́ yìí láì jáde nílé. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀dì yẹn kọ́ ni gbogbo ìtàn. Íńdíà ní ilé ìwádìí ìjọba lórí olú ní Solan, tó ti ń ṣiṣẹ́ láti 1983. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn obìnrin ìgbèríko ibẹ̀ máa ń kóra jọ ní 10 sí 20, wọ́n ń dá owó pọ̀ bí àwa ti ń dá àjọ, ṣùgbọ́n báńkì mọ ẹgbẹ́ wọn, ó sì ń yá wọn lówó. Láti 2011 ni ìjọba àpapọ̀ wọn ti ní ètò ńlá tó ń ti irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn.

Ibi tí ibùdó wa ti kù káàtó nìyẹn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kọ́ obìnrin, ọ̀kọ̀ọ̀kan náà ni wọ́n ń dá wọn sílẹ̀ lẹ́nu géètì. Omi ló kó nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá olú tútù. Nínú ooru wa, kì í pẹ́ rọ. Òtẹ́ẹ̀lì ńlá ní Maitama, àdúgbò olówó ní Abuja, fẹ́ ẹni tí yóò máa gbé ẹrù wá déédéé, obìnrin kan ṣoṣo kò sì lè ká a. Wọ́n dárúkọ gbígbẹ olú fún wa, ṣùgbọ́n wọn kò ní ẹ̀rọ tí a lè fi gbẹ ẹ́. Mo rọ̀ wọ́n kí wọ́n ra ọ̀kan tí gbogbo àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn yóò jọ máa lò, kí wọ́n sì máa gba olú jọ fún títà, nítorí ó dùn mí láti rí obìnrin tó mọ iṣẹ́ yìí dájú, tó sì wá pa á tì nítorí àìrí oníbàárà.

Síbẹ̀, mo gbà yín níyànjú láti lọ. Ẹ mú àwọn tí ẹ jọ ń dájọ́ dání, kí ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ́ yín pa pọ̀, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀. Bí ẹ bá ra irúgbìn, ẹ gbé kúlà lọ́wọ́, ooru inú ọkọ̀ lè pa á kí ẹ tó dé Kubwa.