BirdLasser: áàpù fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹyẹ kíkà

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kí ẹnì kan má baà dáńlóòdù ẹ̀ tán kó wá máa bínú: BirdLasser ò ní bá yín dá ẹyẹ mọ̀ o. Ẹ ò lè ya fọ́tò kó sọ pé ẹyẹ báyìí ni, ẹ ò sì lè na fóònù sókè kó gbọ́ ohùn ẹyẹ kó pe orúkọ ẹ̀. Áàpù Merlin ti Yunifásítì Cornell ló ń ṣe ìyẹn. Eléyìí, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa mọ ohun tẹ́ ẹ rí, ẹ ó tẹ lẹ́tà díẹ̀ nínú orúkọ ẹ̀, á kó àwọn tó jọ ọ́ wá, ẹ mú èyí tó jẹ́, òun á wá fi déètì, aago àti ibi tẹ́ ẹ dúró sí tì í, ó parí. Ọ̀fẹ́ ni, ó wà lórí Android àti iPhone, nẹ́tíwọ́ọ̀kì inú igbó ò sì kàn án tẹ́ ẹ bá ti gba lísìtì ẹyẹ Nàìjíríà sílẹ̀ nílé.

Èmi tí mò ń súfáìsì àwọn ọmọ final year àtàwọn tó wá ṣe IT ní làábù ẹranko igbó, ohun tí mo fẹ́ràn jù nípa ẹ̀ gan-an nìyẹn. Ọmọ tó bá ń lo áàpù tó ń dárúkọ ẹyẹ fún un kì í wòkè mọ́, fóònù ló ń wò, tẹ́ ẹ bá ní kí lo rí lára ẹ̀ tó o fi mọ̀ pé Village Weaver ni, á ní "mà, áàpù ló sọ bẹ́ẹ̀." Níbí, kò síbi tó fẹ́ sá sí. Ó gbọ́dọ̀ wo ẹnu ẹ̀, ojú ẹ̀, ìrù ẹ̀, kó tó tẹ nǹkan kan.

Torí Nigerian Bird Atlas Project, ìyẹn iṣẹ́ yíya máàpù ibi tí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan wà ní Nàìjíríà, lọ̀pọ̀ wa ṣe ń lò ó, èyí tí APLORI, iléeṣẹ́ ìwádìí ẹyẹ ní Jos, ń bójú tó, táwọn bird club káàkiri sì ń kà fún. Wọ́n pín ilẹ̀ sí pentad pentad, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bíi kìlómítà 9 níbùú àti 9 lóròó, ẹ ó rí ààlà ẹ̀ lórí máàpù inú áàpù. Ó kéré tán wákàtí 2 lẹ máa fi wá ẹyẹ inú ẹ̀ dáadáa, ẹ dé oko, ẹ dé etí odò, ẹ dé àárín ilé, lẹ́yìn náà ẹ ṣì lè máa fi ẹyẹ tuntun kún un títí ọjọ́ 5 á fi pé. Gbogbo irú ẹyẹ lẹ máa kọ, ẹ̀ẹ̀kan ẹ̀ẹ̀kan, bẹ́ ẹ ṣe ń rí wọn tẹ̀ léra.

Ibẹ̀ yẹn lariwo ti máa ń bẹ̀rẹ̀. "Mà, ṣé mo tún máa kọ lékelèké ni?" Odídẹrẹ́ ni wọ́n fẹ́ rí, wọn ò mọ̀ pé nínú lékelèké yẹn niṣẹ́ wà. Ká ní káàdì 10 (lísìtì ẹyẹ tẹ́nì kan kọ nínú pentad là ń pè ní káàdì) ló ti wá láti pentad kan tí lékelèké sì wà nínú 9, 90% nìyẹn. Tó bá fi máa tó ọdún mélòó kan tó já sí 40% pẹ̀lú irú kíkà kan náà, ẹ̀yin náà mọ̀ pé nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ẹ wo igún báyìí, igún tó ń rọ́ wá sójú ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù láyé ìgbà kan tẹ́nikẹ́ni ò rí i bíi nǹkan kan, láti 2015 ni IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò ẹ̀dá, ti fi Hooded Vulture, igún yìí gan-an, sí Critically Endangered, ìyẹn àwọn tó fẹ́ẹ̀ parun tán. Ẹyẹ tó bá wọ́pọ̀ la kì í kà, tó bá wá ń tán, nọ́ńbà wo la fẹ́ fi sọ pé ó pọ̀ rí?

Ó tún dáa fún àwọn tó ń jókòó sí họ́sítẹ̀lì tí wọ́n ń kọ nọ́ńbà (ẹ̀yin súfáísọ̀ ẹ mọ̀ wọ́n). Gbogbo ẹyẹ ló ní aago àti ibi tiẹ̀ lára, ẹ sì lè kó gbogbo ẹ̀ jáde ní CSV kẹ́ ẹ tú u wò ní Excel. Ẹni tó bá fẹ́ purọ́ ṣì lè dọ́gbọ́n sí i o, ṣùgbọ́n á ṣiṣẹ́ gan-an kó tó rí i ṣe. Tọ́mọ kan bá kọ Ibadan Malimbe fún mi, ẹyẹ tó jẹ́ pé gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ló wà ní gbogbo ayé, mi ò ní jà, màá ṣí ojú ibi tó ti rí i, igi wo ni, ta lẹ jọ wà níbẹ̀, báwo lo ṣe mọ̀ pé kì í ṣe Red-headed Malimbe? Tí kò bá lè ṣàlàyé, a jọ máa yọ ọ́ ni. Mo ti rí i pé ìbéèrè yẹn ń kọ́ wọn ju lẹ́kíṣọ̀ lọ.

Sítáà 4 nínú 5 ni mo fún un. GPS máa ń jẹ bátìrì, fóònù ọmọ iléèwé wa náà lẹ mọ̀, ẹ gbé páwà báńkì dání. Èyí tó tún ṣe pàtàkì, káàdì atlas ń sọ pé ẹyẹ wà níbì kan ni, kò sọ iye tó wà níbẹ̀. Ọmọ tí pírọ́jẹ́ẹ̀tì ẹ̀ bá jẹ́ density, ìyẹn bí ẹyẹ ṣe pọ̀ tó níbì kan, kó lọ ṣe point count, kó dúró sójú kan kó ka iye tó rí, kó mú bírò àti nóòtù dání, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ external examiner á fi Chapter 4 ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ sì kìlọ̀ fún wọn, ẹni tó bá rí ìtẹ́ odídẹrẹ́ kò gbọdọ̀ ya máàpù ẹ̀ sí WhatsApp status, àwọn tó ń kó wọn tà náà ní fóònù.